Ẹni tí ó Kọ Ìwé Ẹ̀rí, Onígbọ̀wọ́ Ni

Bí ọmọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kan bá fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ti ń kọ́ nípa òwò, ìbáà ṣe Lagos Business School tí a dá sílẹ̀ ní 1991, tàbí ti Harvard ní Amẹ́ríkà tí ó ti wà láti 1908, àṣeyọrí nínú ìdánwò nìkan kò tó. A óò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Lórí ìwé yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ sọ̀rọ̀ lónìí.

Ohun tí a ń rí kò dùn mọ́ wa nínú. Ọmọ yóò tọ gbajúmọ̀ kan lọ tí kò bá a ṣiṣẹ́ rí, nítorí pé orúkọ ẹni náà tóbi. Gbajúmọ̀ yóò ní kí ó lọ kọ ìwé náà fúnra rẹ̀ kí òun fọwọ́ sí i. Ìwé yóò sì kún fún "ọmọ dáadáa ni", "olóòótọ́ ni", "aláápọn ni". Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò jẹ́rìí ohunkóhun, nítorí pé ẹgbẹ̀rún ọmọ ni a lè sọ ọ́ fún.

Kò yẹ kí a bá èyí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí òwò ti jẹ́ iṣẹ́ ìran. Àwọn baba wa mọ ohun tí à ń pè ní ìjẹ́rìí. Bí ẹni tí a kò mọ̀ bá fẹ́ bá wọn dá èsúsú, onígbọ̀wọ́ ni wọ́n máa ń béèrè. Bí ẹni náà bá kó owó sá lọ, ọrùn onígbọ̀wọ́ ni gbèsè wà. Onígbọ̀wọ́ kò ní sọ pé ẹni òun mọ ìṣirò, yóò sọ pé, "Nígbà tí ọjà kò tà, ó wá bá wa kí ọjọ́ tó pé, kò sá pamọ́."

Olóyè Timothy Adéọlá Odùtọ́lá (1902–1995), ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ni ó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ Nàìjíríà tí a dá sílẹ̀ ní 1971. A kò rò pé owó nìkan ni ó gbé e dé ibẹ̀. Àwọn tí ó ń bá ara wọn díje kì í fara mọ́ olórí tí kò mọ bí a ti í bá ènìyàn lò.

Ohun tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ń wá gan-an nìyẹn. Harvard a máa bi ẹlẹ́rìí pé: báwo ni ẹni yìí ti rí ní ẹ̀gbẹ́ àwọn ojúgbà rẹ̀? Ìmọ̀ràn wo tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni ẹ ti fi tọ́ ọ sọ́nà, kí ni ó sì ṣe nígbà tí ó gbọ́ ọ? Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù ìbéèrè kejì yìí, wọ́n rò pé àléébù ọmọ ni a ní kí àwọn tú síta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 90 akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń jókòó pọ̀ níbẹ̀ láti fi ọ̀ràn iléeṣẹ́ kan jiyàn. Ẹni tí kò lè gba ìbáwí, tí kò sì lè gbọ́ ti ẹlòmíràn, yóò ba ẹ̀kọ́ jẹ́ fún gbogbo wọn.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní ọmọ náà ń bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, ẹ sọ bí ó ti ń bá awakọ̀ àti agbálẹ̀ lò. Bí ẹ bá ní ó lè ṣe olórí, ẹ sọ ọjọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà, àti ohun tí ó ṣe tí wọ́n fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá ṣe àṣìṣe tí ẹ bá a wí, tí ó sì yí padà, ẹ má ṣe fi pamọ́, ìyìn ni. Bí ẹ kò bá sì mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún un kí ó lọ bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ní ọjà tí àwọn ọmọ wa ń lọ yìí, ìyìn òfìfo ni ó ń kùtà, ọmọ ni ó sì ń jẹ gbèsè rẹ̀.