Èérí Eyín Ayé Àtijọ́ Tú Àṣírí Àrùn Erìgì

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ń ṣàyẹ̀wò egungun àwọn tó ti kú tipẹ́ ti fi hàn pé àrùn erìgì kì í ṣe àrùn tuntun, ṣùgbọ́n àwọn àṣà kan lóde òní lè mú kí ó túbọ̀ gbilẹ̀.

Kòkòrò àìfojúrí a máa kóra jọ sí ara eyín, wọ́n a sì di èérí rírọ̀. Bí a kò bá fọ̀ ọ́ kúrò, èròjà kálísíọ́mù inú itọ́ yóò sọ ọ́ di líle bí òkúta. Ibẹ̀ ni kòkòrò mìíràn yóò tún fara pamọ́ sí lẹ́bàá erìgì. Erìgì yóò wú, yóò máa ṣẹ̀jẹ̀, egungun tí ó di eyín mú yóò sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀ títí eyín yóò fi mì tí yóò sì já bọ́.

Líle yìí náà ni kì í jẹ́ kí èérí ọ̀hún jẹrà nínú sàréè. Ní ọdún 2014, Christina Warinner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ ìwádìí lórí èérí eyín òkú mẹ́rin láti Dalheim, ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn tó gbé ayé láàárín nǹkan bí ọdún 950 sí 1200. Wọ́n bá DNA irú àwọn kòkòrò tí ń fa àrùn erìgì lónìí nínú rẹ̀.

Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí ní ìlú London yẹ agbárí 303 wò láti Poundbury, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ìgbà ìjọba Róòmù, láàárín ọdún 200 sí 400. Nǹkan bí 5 péré nínú 100 ni àrùn erìgì ti wọ̀ lára. Lóde òní, ó tó 15 sí 30 nínú 100 àgbàlagbà.

Kì í ṣe pé eyín wọn dára jù. Nǹkan bí ìdajì wọn ló ní eyín kíkẹ̀, ọkà tí a kò lọ̀ kúnná sì ti jẹ eyín wọn láti kékeré. Ṣùgbọ́n tábà kò tíì dé ilẹ̀ Yúróòpù nígbà náà. Àwọn olùwádìí náà tọ́ka sí sìgá mímu àti ìtọ̀ súgà gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń dá kún àrùn erìgì lónìí.

Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú di erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀, pàápàá ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó ní ìtọ̀ súgà. Orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì lè mú èérí rírọ̀ kúrò. Bí ó bá ti le, ọ̀dọ̀ dókítà eyín ni ó yẹ kí a lọ láti ha á kúrò, kí egungun tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.