Ojú Jàpáànì Lára Ọkọ̀ Wa

Ẹni tí ó bá ti gbé Onitsha pẹ́ díẹ̀ kò tún ní í béèrè ibi tí a ti ń ra páàtì ọkọ̀. Bí kò bá sí ní Nkpor, yóò wà ní Mgbuka Obosi. Bí kò bá sí ní ibi méjèèjì, kí olúwarẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Nnewi, tí kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ sí wa, yóò bá a níbẹ̀. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó parí ní 1970, àwọn ará Nnewi fi òwò páàtì di ènìyàn ńlá. Wọ́n ń rìn dé Taiwan lọ fi àpẹẹrẹ han àwọn oníléeṣẹ́ kí wọ́n lè bá wọn rọ irú rẹ̀, títí àwọn kan nínú wọn fi dá iléeṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ nílé. Iléeṣẹ́ Innoson tí ń to ọkọ̀ ní Nnewi, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan wá ṣí ní 2010, ara èso òwò náà ni. Àwa kò lè bá wọn jiyàn lórí páàtì. Ohun tí a fẹ́ bá ara wa sọ ni ohun tí a ń fi páàtì náà ṣe lẹ́yìn tí a bá ti rà á tán.

Àṣà kan wà láàárín àwa ọlọ́kọ̀. Ènìyàn yóò ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá, yóò mú un tọ panẹbítà lọ pé kí ó yọ gbogbo ojú rẹ̀ kúrò, kí ó sì fi ojú ti Jàpáànì sí i. Ojú tí a ń wí yìí ni bọ́ńpà, gíríìlì, iná iwájú méjèèjì, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà. Àwọn kan ń ṣe é nítorí ẹwà. Àwọn mìíràn kò ro ti ẹwà rárá: ọkọ̀ wọn ni ó forí sọ, wọ́n wá ojú Amẹ́ríkà títí, wọ́n rí i pé owó ti Jàpáànì fúyẹ́, ó sì mọ́ tónítóní ju èyí tí wọ́n ń wá lọ.

A kò bá ẹni tí ó fẹ́ ẹwà jà. Ní ilẹ̀ yìí, ojú ni a fi ń sọ ọkọ̀ lórúkọ. Camry tí iná rẹ̀ tín-ín-rín ni a ń pè ní Pencil Light, èyí tí iná rẹ̀ ro wálẹ̀ ni Drop Light, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó rọ wọ́n kò mọ orúkọ wọ̀nyí rí. Bí ojú ọkọ̀ bá yí padà, orúkọ rẹ̀ yí padà, owó tí a ó fi tà á lọ́la náà sì lè yí padà. Ọ̀rọ̀ ajé wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí tí páàtì Jàpáànì fi ń dára tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba wọn ní òfin àyẹ̀wò ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní shaken. Bí ènìyàn bá ra ọkọ̀ tuntun, lẹ́yìn ọdún 3 yóò mú un lọ fún àyẹ̀wò, lẹ́yìn náà ọdún 2-2 ni, owó tí wọ́n sì ń gbà lórí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ wọn a máa fi ọkọ̀ sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le koko. Àwọn oníṣòwò a tú u, a gé orí rẹ̀ lódindi láti ibi rédíétọ̀ síwájú, a sì kó o sínú àpótí ńlá orí omi. Orí gígé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ń rí tí a tò jọ bí orí ẹran ní ìsọ̀ ọlọ́jà.

Ọkọ̀ kan wà tí ojú Jàpáànì máa ń bá mu láìsí wàhálà, àwọn mìíràn wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Lexus RX tí ó kọ́kọ́ jáde àti èyí tí ó tẹ̀lé e ní 2003, Toyota Harrier ni wọ́n ń jẹ́ ní Jàpáànì, nítorí títí di 2005 wọn kì í lo orúkọ Lexus nínú ilé wọn. Ẹ ó rí àmì ẹyẹ kan ní iwájú Harrier. Ẹni tí ó bá rí Lexus tí ẹyẹ bà lé nímú, kí ó mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti Jàpáànì wá, tàbí pé ẹni tí ó ni ín fẹ́ kí a rò bẹ́ẹ̀. Lexus IS tí ó kọ́kọ́ jáde náà rí bákan náà, Altezza ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo Honda Integra. Èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà lábẹ́ orúkọ Acura láàárín ọdún 1994 sí 2001 ní iná kéékèèké mẹ́rin tí ó rí roboto. Ti Jàpáànì láti 1995 ní iná gbọọrọ kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ ojú rẹ̀ kò lè ra iná nìkan. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, bọ́ńpà, fẹ́ńdà àti irin tí ó gbé iná ró ni yóò rà pọ̀. Panẹbítà tí ó bá ní òun yóò fi ayùn gé e díẹ̀, kí òun sì fi pọ́tì dí i, ẹ sá fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ẹ̀mí ni iná. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ wa kò ní gbàgbé ọjọ́ kejì oṣù April, 1972. Títí di ọjọ́ náà, apá òsì ni a ń gbà ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wa. Àwọn tí ó yí wa ká, Dàhòmì ìgbà náà, Niger àti Kamẹrúùnù, apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà, bí ènìyàn bá sì ré ẹnubodè kọjá, àfi kí ó yára yí padà. Ìjọba wá pàṣẹ pé kí gbogbo wa máa gba ọ̀tún. Ọkọ̀ èrò tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà lósì bẹ̀rẹ̀ sí sọ èrò sí àárín títì. Ghana ṣe tirẹ̀ ní oṣù August, 1974. Jàpáànì kò yí padà, apá òsì ni wọ́n ń gbà títí di òní. Àní erékùṣù Okinawa tí ó ń gba ọ̀tún láti ìgbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti gbà á ní 1945, ní ọjọ́ 30 oṣù July, 1978 ni wọ́n dá a padà sí òsì.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú iná? Iná ìsàlẹ̀, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní dímù, kì í tàn bákan náà lápá méjèèjì. Àwọn tí ó rọ ọ́ ṣe é kí ó rẹlẹ̀ sí apá ibi tí ọkọ̀ mìíràn ti ń pàdé wa bọ̀, kí ó má bà á lójú, kí ó sì gòkè díẹ̀ sí apá etí títì, kí awakọ̀ lè rí ẹlẹ́sẹ̀, kẹ̀kẹ́ àti kòtò. Ní Jàpáànì, òsì ni etí títì wà. Nítorí náà òsì ni iná wọn gòkè sí. Bí a bá gbé irú iná bẹ́ẹ̀ wá sí Nàìjíríà, òsì yìí kan náà ni ojú awakọ̀ tí ń bọ̀ wà. Iná wa yóò lọ sójú rẹ̀ tààrà bí ẹni pé a mọ̀ọ́mọ̀ tàn án sí i, bẹ́ẹ̀ ni a ti dímù, a sì rò pé a ti ṣe dáadáa. Apá ọ̀tún wa, níbi tí tírélà tí ó bàjẹ́ gbé dúró láìní iná, tí awakọ̀ rẹ̀ kàn ṣẹ́ ewé sí ẹ̀yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ṣókùnkùn. A fọ́ ojú ẹlòmíràn, a sì di ojú tiwa.

Àwọn ará Sweden mọ èyí. Nígbà tí wọ́n kúrò ní òsì bọ́ sí ọ̀tún ní ọjọ́ kẹta oṣù September, 1967, gbogbo ọlọ́kọ̀ ni ó ní láti pààrọ̀ iná iwájú rẹ̀. Wọn kò wò ó bí ohun àfarahàn.

Ìdáhùn tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ni pé àwọn yóò fa iná náà wálẹ̀ nípa yíyí ìdè ẹ̀yìn rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìdè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdè náà a máa gbé odindi iná sókè tàbí wálẹ̀ ni. Kò lè sọ òsì di ọ̀tún. Bí wọ́n bá fà á wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi bà ẹlòmíràn lójú mọ́, ìṣísẹ̀ díẹ̀ níwájú bọ́ńpà ni ẹ̀yin fúnra yín yóò máa rí. Àwọn mìíràn a tún ki gílóòbù funfun tí ń kọ bí mànàmáná bọ inú iná tí a kò ṣe fún irú rẹ̀. Àwa kò tilẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè gbà mọ irú iná tí ó wà lára ọkọ̀ rẹ̀ kò gba owó. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ gbé ọkọ̀ síbi tí ó tẹ́jú, kí ó kọjú sí ògiri, ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí i. Ẹ tan dímù. Ẹ jókòó síbi sítíárìn kí ẹ wo ògiri. Ìlà kan yóò wà tí ìmọ́lẹ̀ parí sí, òkùnkùn yóò wà lókè rẹ̀. Bí ìlà náà bá gòkè lápá ọ̀tún yín, ó dára. Bí ó bá gòkè lápá òsì, iná Jàpáànì ni, tàbí ti Ìlú Ọba. Lára àwọn iná Amẹ́ríkà àtijọ́, ìlà náà lè má hàn gbangba, ṣùgbọ́n ibi tí ó mọ́lẹ̀ jù yóò tẹ̀ sí ọ̀tún. Bí ẹ bá sì wà nínú ìsọ̀ tí ẹ kò tíì sanwó, ẹ wo ojú gíláàsì iná náà dáadáa. Nínú àwọn tí a fi àmì E àti nọ́ńbà sí, èyí tí ó bá ní àmì ọfà kan ṣoṣo tí ó kọrí sí ọ̀tún ẹni tí ó dojú kọ ọ́, ti àwọn tí ń gba òsì ni. Èyí tí kò ní ọfà ni tiwa. Èyí tí ọfà rẹ̀ ní orí méjì bá ibi gbogbo mu. Nọ́ńbà 43 lẹ́gbẹ̀ẹ́ E túmọ̀ sí pé Jàpáànì ni ó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn nìkan kò sọ apá tí iná náà ń tàn sí. Ọfà ni kí ẹ wò.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wà lára ojú Jàpáànì lè ra bọ́ńpà, gíríìlì àti bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ó sì wá iná tí ó jẹ́ ti apá ọ̀tún fún un. Fún ọkọ̀ bíi Harrier tí ó ní ìkejì ní Amẹ́ríkà, irú iná bẹ́ẹ̀ wà lọ́jà. Kí ó gbé e wò kí ó tó sanwó. Bí ọkọ̀ náà kò bá ní ìkejì níbòmíràn, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà.

Ohun méjì mìíràn kù tí a ó sọ ní ṣókí. Lẹ́yìn bọ́ńpà ọkọ̀ Amẹ́ríkà, irin gbọọrọ kan wà tí ń gba ìkọlù. Bí bọ́ńpà Jàpáànì kò bá gbà á, àwọn panẹbítà kan a máa jù ú nù. Ẹ má gbà. Kí wọ́n fi irin ti Jàpáànì sí i, kí iwájú má ṣe ṣófo. Ìkejì ni àwọn sẹ́ńsọ̀ airbag tí ó sábà máa ń wà ní iwájú, nítòsí rédíétọ̀. Bí wọ́n bá gé wáyà wọn, iná airbag yóò máa tàn níwájú awakọ̀, ríwáyà kan yóò sì wá yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má bàa rí i mọ́. Ní ti ẹni tí ó bá ra iwájú ọkọ̀ tí a gé mọ́ sítíárìn, tí ó sì fẹ́ lo sítíárìn náà pẹ̀lú, apá ọ̀tún ni sítíárìn yẹn wà, kò sí ohun tí a lè fi ṣe.

Ìdí tí a fi ń kọ èyí nísinsìnyí ni pé oṣù December ti dé tán. Ẹ ó rí i ní ojú ewé ìròyìn ẹbí pé ìnáwó mẹ́ta ni ó ń pè wá sílé: ìgbéyàwó ní Ọ̀wọ̀, ìsìnkú àgbà ní Iléṣà àti ìṣílé ní Ìbàdàn. Bí a bá ti gun afárá Odò Ọya kọjá sí Asaba, ó ku nǹkan bí 130 kìlómítà kí a tó dé Benin, lẹ́yìn náà ni àwọn ará Ọ̀wọ̀ yóò yà sí Ifọ́n, tí àwọn tí ń lọ sí Ìbàdàn yóò gba Ọrẹ. Bí a bá ń tún apá kan títì ṣe, wọn a da àlọ àti àbọ̀ pọ̀ sí apá kejì, ojú sì kan ojú pẹ̀lú tírélà. Ọyẹ́ a tún máa bo ọ̀nà mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa a máa fi òru rìn nítorí ọjà, a kò sì lè dá a dúró. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, ìyàwó, ọmọ àti àwọn ìyá wa sì ni ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ wọ̀nyí.

Nítorí náà, ní ọjọ́ ìpàdé gbogboogbò wa tí ń bọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti parí ọ̀rọ̀ inú ilé, gbogbo ọlọ́kọ̀ ni a ń bẹ̀ kí ó dúró. A ó tò síwájú ògiri gbọ̀ngàn lọ́kọ̀ọ̀kan láti tan iná wò, kò sì sí owó tí ẹnikẹ́ni yóò san. A kò ní kọ nọ́ńbà ọkọ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, a kò sì ní bu ẹnikẹ́ni. Ẹni tí iná rẹ̀ bá tẹ̀ sí òsì yóò kàn mọ̀ ni, yóò sì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti lọ sí Nkpor. Kí àwọn tí ó ní bọ́ọ̀sì tètè dé. Ògiri náà kò gùn, ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì tẹ́jú ju ibi tí ọkọ̀ méjì lè dúró sí.