Irọ́ tó kó bá Crowhurst lójú òkun, ó ṣì ń bẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì dòní

Ẹ̀yin èèyàn wa, àwọn àgbà ló sọ pé òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò tiẹ̀ wa òkun dé ibi tó ti ń hó, síbẹ̀ táwọn oníwèé ìròyìn ń pariwo ẹ̀ káàkiri pé kò sí irú ẹ̀. Donald Crowhurst lorúkọ ẹ̀. Ibi tí ariwo náà já sí, ẹ̀rù ló ń ba èèyàn láti sọ.

Ọdún 1968 lọ̀rọ̀ ọ̀hún bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìròyìn Sunday Times gbé ìdíje kan kalẹ̀, wọ́n ní kéèyàn dá nìkan wọ ọkọ̀ onígbòkun, kó yí gbogbo ayé po, kó má dúró níbì kankan, kó má sì gba ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá yá jù máa gba £5,000. Èèyàn mẹ́sàn-án ló jáde. Crowhurst wà lára àwọn tó kẹ́yìn. Ọjọ́ tí àyè máa tán gan-an, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ló tó kúrò ní Teignmouth. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe, kì í ṣe ògbólógbòó atukọ̀. Gbèsè wà lọ́rùn ẹ̀, ọmọ mẹ́rin wà nílé, ọkọ̀ náà kò sì tíì parí dáadáa tó fi gbé e sójú omi.

Kò pẹ́ tómi fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọkọ̀. Kó lọ síwájú, ikú ni. Kó padà sẹ́yìn, gbèsè àti ìtìjú ni. Ni ọkùnrin yìí bá bẹ̀rẹ̀ irọ́. Nínú oṣù Kejìlá, ó ránṣẹ́ sílé pé òun rin máìlì 243 láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Rodney Hallworth, ẹni tó ń bá a pín ìròyìn ẹ̀ fáwọn akọ̀ròyìn, tún bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Lójú ẹsẹ̀ làwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde. Sir Francis Chichester, àgbà atukọ̀, ṣiyèméjì, ó ní kí wọ́n yẹ ìṣirò ọkùnrin náà wò dáadáa, àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́? Àṣé inú Àtìláńtíìkì ni Crowhurst ń yí po sí, tó ń kọ ìwé ìrìn-àjò méjì, ojúlówó àti ayédèrú.

Irọ́ yẹn kó bá ẹlòmíì. Nigel Tetley tó ti ń padà bọ̀ wálé gbọ́ pé Crowhurst ń lé òun bọ̀, ló bá ń fi ọkọ̀ tó ti gbó sáré àsápajúdé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 1969, ọkọ̀ náà rì. Ọlọ́run ló yọ òun fúnra ẹ̀. Ní báyìí, Crowhurst rí i pé òun ni wọ́n máa gbé owó náà fún, wọ́n á sì yẹ ìwé òun wò. Ọkàn ẹ̀ dàrú. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ló kọ nǹkan kẹ́yìn sínú ìwé náà. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù ọ̀hún, wọ́n bá ọkọ̀ ẹ̀ tó ń léfòó kiri, kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀. Wọn ò rí òkú ẹ̀ dòní. Robin Knox-Johnston, ẹnì kan ṣoṣo tó parí ìdíje náà, ló gbé £5,000 ọ̀hún fún ìyàwó àtàwọn ọmọ olóògbé.

Ẹ lè ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Òótọ́ ni pé irú irọ́ Crowhurst kò ṣeé pa mọ́ nínú ìdíje ńlá lóde òní. Nínú Vendée Globe, tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin láti ilẹ̀ Faransé, ẹ̀rọ wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń fi ibi tó wà hàn nípasẹ̀ sátẹ́láìtì, téèyàn á sì jókòó sílé kó máa wò ó lórí fóònù. Àmọ́ irọ́ ò kú o, aṣọ ló pààrọ̀. Ìkánjú ń bẹ níbẹ̀, owó ìpolówó ọjà náà sì ń bẹ níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2021. Charlie Dalin ló kọ́kọ́ wọlé, lálẹ́ ọjọ́ 27. Ẹni tó bá ti sáré kọ ọ́ síta pé Dalin ló gbégbá orókè, ìtìjú ló fi ra fúnra ẹ̀. Ìdí ni pé ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ọkọ̀ Kevin Escoffier kán lójú òkun, àwọn atukọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ sì yà kúrò lọ́nà tiwọn láti wá a. Jean Le Cam ló rí i gbà là. Wọ́n wá dá àkókò tí wọ́n fi wá a padà fún wọn. Ti Yannick Bestaven jẹ́ wákàtí mẹ́wàá àti ìṣẹ́jú 15. Ẹnì kẹta ni Bestaven tó wọlé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ wákàtí ọ̀hún kúrò, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 31 ló fi ṣáájú Dalin. Òun lọ̀gá. Ìkànnì tó bá mọṣẹ́ á ti ṣàlàyé ìṣirò yẹn kí ọkọ̀ tó dé. Aláriwo á dúró dìgbà tó bá ṣì í tán.

Èyí tó dáa náà wà o. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2014, ọkọ̀ Team Vestas Wind, nínú ìdíje Volvo Ocean Race, rọ́ lu òkúta abẹ́ omi Cargados Carajos nínú òkun Íńdíà lóru. Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú ẹ̀, gbogbo wọn ló yè. Akọ̀ròyìn ni Brian Carlin tó wà láàárín wọn, kámẹ́rà sì ká ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Wọn ò fi pamọ́, wọ́n gbé fídíò náà jáde. Ní oṣù Kẹta ọdún 2015, ìgbìmọ̀ olómìnira tún gbé àbájáde ìwádìí wọn síta: máàpù orí kọ̀ǹpútà táwọn atukọ̀ náà ń wò kò fi ewu yẹn hàn dáadáa, àfi tí wọ́n bá sún un mọ́ra. Atukọ̀ tó bá ka ìyẹn, kò ní fi ojú kan wo máàpù mọ́. Ìròyìn tó ń gba ẹ̀mí là nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá le jù. Àwọn tó ń ta ọkọ̀, ìgbòkun àti okùn náà ló ń sanwó ìpolówó fún púpọ̀ nínú àwọn ìkànnì tó ní àwọn ń bá wa dán ọjà wò. Ẹni tó jẹ dòdò kò sì lè sọ òdodo. Ìdí nìyẹn tí Practical Sailor, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, kì í fi í gba ìpolówó. Owó táwọn òǹkàwé ń san ló gbẹ́kẹ̀ lé. Noonsite, tí Jimmy Cornell dá sílẹ̀ lọ́dún 2000, ń sọ ìwé tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ atukọ̀ ní èbúté kọ̀ọ̀kan; àwọn tó ti débẹ̀ ló ń mú ìròyìn wá. Ó wúlò gan-an, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí òfin èṣí lè ti yí padà.

Àwọn ọ̀dọ́ wá fẹ́ràn fídíò YouTube: oòrùn, ẹja, ẹ̀rín. La Vagabonde, ti Riley Whitelum àti Elayna Carausu, gbajúmọ̀ nínú wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé Greta Thunberg kọjá Àtìláńtíìkì láti Amẹ́ríkà lọ sí Pọtogí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, lásìkò tí ìjì máa ń jà lójú òkun, wọn ò ní gbajúmọ̀ làwọn. Wọ́n mú Nikki Henderson, ọ̀jáfáfá atukọ̀, dání. Ṣẹ́ ẹ rí i? Àwọn tẹ́ ẹ ń wò gan-an mọ̀ pé ẹ̀rín kọ́ ló ń wa ọkọ̀.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gba ohunkóhun gbọ́, ẹ bi ara yín: ta ló kọ ọ́? Ìgbà wo ló kọ ọ́? Ta ló sanwó fún un? Bó bá ṣìṣe, ṣé ó máa ń tọrọ àforíjì? Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ká ní àwọn akọ̀ròyìn ọdún 1968 ti béèrè ohun tí Chichester béèrè ni, bóyá Crowhurst ì bá fi ìtìjú wálé. Ṣùgbọ́n ì bá wálé.