Ẹ Má Tíì Fa Omi Púùlù Yẹn Gbẹ

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹfà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ ra ẹja ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá ti dé ọjà yẹn rí mọ̀ pé èèyàn kì í tètè jáde níbẹ̀. Ẹja tútù ń jà nínú abọ́, èyí tí wọ́n yan wà lórí àtẹ, àwọn ìyá ẹlẹ́ja sì ń pe oníbàárà lọ́tùn-ún lósì. Ibi tá a ti ń nájà ẹja àrọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ̀rọ̀ kan tó mú kí n gbàgbé iye tá a ná ẹja sí.

Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tí kò jìnnà sí ọ̀sà, ní swimming pool ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn tó ni ilé tẹ́lẹ̀ ti pa á tì. Omi ibẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ọ̀pọ̀lọ́ ló sì ń jọba níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo ti bá ọmọkùnrin kan tó ní pọ́ǹpù sọ̀rọ̀. Lọ́la ló máa wá fa omi yẹn gbẹ. Tó bá ti gbẹ, màá ní kí típà wá da yanrìn sí i. Ó parí."

Ìyá ẹlẹ́ja gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ ò ṣe kúkú sin ẹja níbẹ̀?"

Màá padà sórí ọ̀rọ̀ màmá yẹn. Àmọ́ ohun tí mo kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọmọ yẹn kó má tíì wá. Inú òjò la wà yìí."

Wọ́n wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Kí ló kan òjò nínú kéèyàn fa omi jáde nínú ihò?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń rò pé omi inú púùlù ni wàhálà, pé tí omi bá ti kúrò, ewu ti kúrò. Ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ yẹn gan-an ló ń di púùlù náà mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ mú abọ́ ike tó ṣófo, kẹ́ ẹ tì í bọ inú bákẹ́ẹ̀tì tí omi kún. Ẹ máa rí i pé omi ń tì í padà sókè, pé ọwọ́ yín ló ń bá a jà. Ẹ wá bu omi sínú abọ́ náà. Ó rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Archimedes, ará Syracuse tó kú ní nǹkan bí ọdún 212 ṣáájú ìbí Jésù, ló ṣàlàyé rẹ̀: agbára tí omi fi ń ti nǹkan sókè dọ́gba pẹ̀lú ìwọ̀n omi tí nǹkan náà gba àyè rẹ̀.

Púùlù ni abọ́ yẹn. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni bákẹ́ẹ̀tì, torí pé omi wà nínú ilẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ibi tó sún mọ́ ọ̀sà, ní Ẹ̀pẹ́ àti láwọn apá kan ní Ìkòròdú, omi yẹn kì í jìn rárá, tí òjò bá sì ti ń rọ̀ léraléra, ńṣe ló ń gòkè sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ká ní púùlù kan gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní mítà 5, ó sì jìn ní mítà 1.5. Omi tó máa gbà á jẹ́ 75,000 lítà, ìyẹn tọ́ọ̀nù 75. Tí kọ́ńkéré ìsàlẹ̀ àti ti ògiri rẹ̀ bá nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15, gbogbo kọ́ńkéré náà á wọn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 34. Wàyí o, bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ga ju ìdí púùlù náà lọ ní mítà 1 péré, agbára tó fi ń tì í sókè á tó ti tọ́ọ̀nù 54. Nígbà tí omi wà nínú púùlù, tọ́ọ̀nù 34 àti 75 jọ jókòó lé e lórí, kò lè mira. Ẹ fa omi yẹn jáde, ó ku 34 nìkan. Kódà tí omi abẹ́ ilẹ̀ ò bá ju nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, agbára méjèèjì ti fẹ́ẹ̀ dọ́gba nìyẹn. Lóòótọ́, ilẹ̀ tó yí ògiri ká máa ń dì í mú díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ìyẹn ta tẹ́tẹ́? Tó bá sì jẹ́ irú púùlù tí wọ́n fi fiberglass ṣe, tí kò wúwo rárá, ọ̀rọ̀ ti burú kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé púùlù á léfòó. Ó lè má ju ìka mẹ́rin lọ, ó sì lè jẹ́ pé apá ibi tó jìn nìkan ló máa gbéra, tí ìyókù á sì sán láàárín. Páìpù á já. Ilẹ̀ tí wọ́n fi táìsì tẹ́ yí i ká á gbéra. Tí fẹ́ǹsì tàbí ìpìlẹ̀ ilé bá sún mọ́ ọn, tọwọ́ tẹsẹ̀ ni ìyẹn náà fi máa gba tiẹ̀. Kódà bí kò bá léfòó, ilẹ̀ tó ti mu omi yó á máa ti ògiri wọnú, kò sì sí omi nínú púùlù mọ́ tó máa tì í padà.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo kànga. Tí kànga bá wà nínú ọgbà yín tàbí lọ́dọ̀ aládùúgbò, ẹ so òkúta mọ́ okùn, kẹ́ ẹ fi wọn bí omi ṣe jìn sí ojú ilẹ̀. Tí púùlù yín bá jìn ní mítà 1.5, tí omi kànga sì wà ní mítà 1 sí ojú ilẹ̀, ẹ mọ̀ pé ìdí púùlù náà wà nínú omi nìyẹn. Ẹ dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Ní àgbègbè wa níbí, oṣù kejìlá sí oṣù kejì ló dáa jù, nígbà tí omi kànga ti lọ sílẹ̀. Àwọn púùlù kan ní fáàfù kékeré ní ìsàlẹ̀ tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ń tì í, àmọ́ èyí tí wọ́n ti pa tì fún ọdún púpọ̀, ẹrẹ̀ lè ti dí i, ẹ má gbọ́kàn lé e. Tó bá di dandan pé ẹ ò lè dúró, ẹnjiníà lè ní kí wọ́n gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ púùlù, kí wọ́n máa fa omi abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ kó tó di pé wọ́n fa ti inú.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé kí n wá fi omi burúkú yẹn sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà?"

Ìbéèrè tó dáa ni, kò sì sí ìdáhùn tó dùn sí i. Omi tó dúró sójú kan, tí nǹkan kan ò sì jẹ tanwíji inú rẹ̀, ilé ẹ̀fọn ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin ẹ̀fọn ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Ní ọdún 2007, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Bakersfield, ní Kern County ní California, kò lè san owó tí wọ́n yá ra ilé mọ́, wọ́n fi ilé sílẹ̀ tòun ti púùlù. Omi di àwọ̀ ewé, ẹ̀fọn sì gba ibẹ̀. Ìwádìí tí William Reisen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 2008 sọ pé àwọn tí àrùn West Nile mú ní Kern County fi ìpín 276 nínú 100 pọ̀ sí i nígbà ooru ọdún yẹn, wọ́n sì so ó mọ́ àwọn púùlù náà. Lọ́dọ̀ tiwa, ibà ni ká máa rò. Ewu kejì ni ọmọdé. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí 300,000 èèyàn ló kú sínú omi lágbàáyé lọ́dún 2021, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin wọn tó jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Omi àwọ̀ ewé tún burú jù, torí pé èèyàn ò lè rí ọmọ tó bá ti rì sísàlẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ni pé kí wọ́n fi páńpẹ́ẹ̀lì páànù yí i ká lọ́jọ́ náà gan-an, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n kó ewé àti ìdọ̀tí kúrò, kí wọ́n sì da oògùn tó ń pa tanwíji sí i. Wọ́n tún ra ẹja kéékèèké, wọ́n dà á sínú rẹ̀, ẹja ń jẹ tanwíji. Nítorí náà, ìyá ẹlẹ́ja yẹn ti jàre díẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí àwa tó ń jẹ ẹja ọ̀sà gbọ́dọ̀ mọ̀. Púùlù tó ṣì ń ṣiṣẹ́ máa ń ní chlorine, nǹkan bíi mílígíráàmù 1 sí 3 nínú lítà omi kan. Ẹja ò lè fara da èyí tí kò tó 0.1. Ẹni tó bá wá fa 75,000 lítà irú omi bẹ́ẹ̀ sínú gọ́tà tó ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà, ẹja tí wọ́n ń tà ní Ọjà Olúwo ló ń pa. Kò le láti ṣe: ẹ ṣíwọ́ fífi chlorine sí i, kẹ́ ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á fún ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ fi ohun ìdánwò rẹ̀ tí wọ́n ń tà fún olówò púùlù wò ó, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó ṣàn jáde díẹ̀díẹ̀ sórí koríko.

Ó wá ku dídí i. Ibí ni mo ti rí èèyàn tó náwó dànù jù. Wọ́n á kàn da yanrìn sínú púùlù bó ṣe wà, láìlu ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òjò rọ̀, omi wọnú yanrìn, kò rí ibi gbà jáde, torí abọ́ kọ́ńkéré ṣì wà lábẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ̀yìnkùlé ti di àbàtà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń lu ihò ńlá mélòó kan sí ìsàlẹ̀, wọ́n á sì wó orí ògiri náà lulẹ̀ tó nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà sí ojú ilẹ̀, kí gbòǹgbò àti omi lè ríbi gbà. Àfọ́kù kọ́ńkéré náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ kó sísàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ní láti kó gbogbo kọ́ńkéré náà jáde pátápátá, kó sì bá ẹnjiníà sọ̀rọ̀. Nípínlẹ̀ Èkó, LASBCA ló ń bójú tó ìkọ́lé àti ìwólulẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó gbé òòlù.

Yẹ̀pẹ̀ náà ní òfin tiẹ̀. Ẹ má dà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ralph Proctor, ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ ìsédò ní Los Angeles, ṣàlàyé lọ́dún 1933 pé yẹ̀pẹ̀ tó gbẹ jù kì í kì, èyí tó tutù jù náà kì í kì. Omi díẹ̀, níwọ̀nba, ló ń jẹ́ kí hóró rẹ̀ yọ̀ wọnú ara wọn. Àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ti mọ èyí tipẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń po amọ̀. Nítorí náà, ẹ da yẹ̀pẹ̀ pupa tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ gún un mọ́lẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ tó da òmíràn. Fún púùlù tí a ṣírò yẹn, yẹ̀pẹ̀ máa rọlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gún un, torí náà ẹ ka típà 20 tọ́ọ̀nù bíi méje tàbí mẹ́jọ. Ẹ fi ìdajì mítà òkè sílẹ̀ fún ilẹ̀ dúdú tó ṣeé gbin nǹkan sí. Àfọ́kù kọ́ńkéré máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ ní èròjà bíi ti ẹfun jù, ẹ̀fọ́ kì í fẹ́ ìyẹn.

Ṣé kò wá yẹ ká sin ẹja àrọ̀ níbẹ̀ bí màmá yẹn ṣe wí? Ó ṣeé ṣe, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń ṣe é. Àrọ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Clarias gariepinus, ní ẹ̀yà ara kan lókè ìjàgbọ̀n rẹ̀ tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òde, ìdí nìyẹn tó fi ń wà láàyè nínú abọ́ ní Ọjà Olúwo fún gbogbo ọjọ́. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń di ammonia nínú omi, ooru wa níbí sì ń jẹ́ kí oró rẹ̀ le sí i. Ẹ gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ omi, omi tẹ́ ẹ bá sì yí dànù, tó ń rùn, ibo ló ń lọ? Tó bá jẹ́ pé kànga aládùúgbò wà nítòsí, ìjà ti dé. Apá tó jìn nínú púùlù tún máa ń mú kí kíkó ẹja ṣòro. Ní tèmi, ẹni tí kò lè máa wo omi rẹ̀ lójoojúmọ́, kó lọ gbin ẹ̀fọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejìlá ni wọ́n pe mí. Òkúta orí okùn ti fi mítà 2 àti díẹ̀ sílẹ̀ kó tó kan omi kànga. Wọ́n fa púùlù náà, wọ́n kó ẹja sínú dúrọ́ọ̀mù, òṣìṣẹ́ méjì sì bọ́ sísàlẹ̀ pẹ̀lú òòlù ńlá. Gbogbo wa dúró létí ibẹ̀, à ń wo ihò àkọ́kọ́. Iyanrìn tútù ló wà lábẹ́ rẹ̀, kò sí omi. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, wọ́n ní, "Ká ní oṣù kẹfà ni ńkọ́?" Ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ló dá wọn lóhùn: ó ti gbẹ́ iyanrìn náà wọlẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan, omi sì ti ń sun yí àtàǹpàkò rẹ̀ ká.