Ẹ̀sìn Ẹlẹ́wọ̀n àti Ààbò Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Ní ìhà ìlà-oòrùn Navy Town ní Ọ̀jọ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni Kírìkírì wà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Ti àwọn obìnrin jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Èyí tí ìṣọ́ rẹ̀ sì le jù lọ ni a dá sílẹ̀ ní ọdún 1955. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a há mọ́ ibẹ̀ ni ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi rárá. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí a gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀ pàdánù ẹ̀sìn rẹ̀ pẹ̀lú?

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáhùn ìbéèrè yìí. Abala 38 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti sìn bí ọkàn rẹ̀ ti fẹ́, yálà Mùsùlùmí ni, tàbí Onígbàgbọ́, tàbí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n abala 45 gbà kí òfin dín ẹ̀tọ́ náà kù bí ààbò ìlú bá béèrè rẹ̀. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìlànà kan tí wọ́n fi sọrí Nelson Mandela, ẹni tí ó lo ọdún 27 lẹ́wọ̀n. Ìlànà náà ní kí ẹlẹ́wọ̀n máa ní ìwé mímọ́ lọ́wọ́, kí ó máa lọ sí ìsìn, kí aṣáájú ẹ̀sìn rẹ̀ sì máa bẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹlẹ́wọ̀n kò bá sì fẹ́ ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ipá mú un.

Ẹ̀rù àwọn wọ́dà kì í ṣe asán. Ohun ìjà lè fara pamọ́ sínú ìwé. Ìpàdé àdúrà sì lè di ibi ìgbìmọ̀ àtisálọ. Nítorí náà, kò burú bí wọ́dà bá yẹ ìwé àti àlejò wò, tí ó sì ń ṣọ́ ibi ìsìn.

Irú ẹ̀rù yìí ni àwọn aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n Arkansas ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ fún Mùsùlùmí kan láti dá irùngbọ̀n ìdajì íǹṣì sí. Wọ́n ní ó lè fi nǹkan pamọ́ sínú rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015, gbogbo adájọ́ ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ fi ohùn ṣọ̀kan pé ẹni tí ń tú irun orí àti aṣọ ẹlẹ́wọ̀n wò lè tú irùngbọ̀n náà wò pẹ̀lú.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Bí àyẹ̀wò bá tó láti dáàbò bo ọgbà, kò yẹ kí a fi òfin dí ẹ̀sìn lọ́nà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹlẹ́wọ̀n ni yóò padà sílé lọ́jọ́ kan. Ó sàn fún ìlú kí wọ́n padà pẹ̀lú ẹ̀rí-ọkàn tí ó yè.