Ṣé O Mọ̀? Ohun Tó Wà Nínú Ìwé Primary Tó sì Tún Wà Lórí Bẹ́ẹ̀dì Aláìsàn

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi mílílítà 70 fún kílò kọ̀ọ̀kan? Ẹni tó wọn kílò 70 ní nǹkan bíi lítà 5. Ọmọ tuntun ní nǹkan bíi mílílítà 85 fún kílò kan, ṣùgbọ́n kílò mélòó ni òun fúnra rẹ̀? Ọmọ kílò 3, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò kún ìgò mínírà kékeré kan. Gọ́ọ̀sì bíi mélòó kan tó rin ṣìnkìn, tí a lè jù nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà láì bojú wẹ̀yìn, ọ̀ràn gidi ni bó bá jẹ́ ọmọ tuntun ló wà lórí tábìlì.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ lítà kan lè ti dà lọ, kí ẹ̀rọ ìfúnpá sì máa sọ pé kò séwu? Mo fẹ́ ká dúró síbí yìí díẹ̀, nítorí nínú gbogbo ohun tí àwa tó fẹ́ di oníṣẹ́ abẹ ń kà fún ìdánwò Primary, èyí ni mi ò fẹ́ kí oníṣẹ́ abẹ kankan gbàgbé láéláé. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn àti iṣan ńlá tó jáde látinú ọkàn ni àwọn aṣọ́nà ìfúnpá wà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń dín kù, wọ́n á ta ọpọlọ lólobó, ọpọlọ á pàṣẹ, adrenaline á tú jáde, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yára lù. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ awọ ara àti ti ìfun á fún pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó kù lè máa dé ọpọlọ àti ọkàn. Kíndìnrín á di omi mú. Gbogbo èyí ni ara ń ṣe kí nọ́ńbà òkè ìfúnpá má baà já. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tó lọ bá tó nǹkan bí ìdá 30 nínú 100, ìyẹn nǹkan bíi lítà kan àbọ̀ lára àgbàlagbà, ìgbà náà ni nọ́ńbà yẹn sábà máa ń já. Ìgbà tó bá já, ara ti jà, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, di ọwọ́ aláìsàn náà mú. Ṣé ọwọ́ rẹ̀ tutù? Tẹ èékánná rẹ̀ kí o sì tú u sílẹ̀: àwọ̀ rẹ̀ yẹ kó ti padà kí ìṣẹ́jú àáyá méjì tó kọjá. Wo àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó já bọ́ lórí ọ̀kadà, tí tirẹ̀ wà ní 120/70 nígbà tó dé, tó wá di 115/95 lẹ́yìn wákàtí kan, tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 125 ní ìṣẹ́jú kan: ara rẹ̀ kò yá rárá. Ó ń ṣẹ̀jẹ̀ síbì kan.

Ṣé o sì mọ̀ pé bàbá tó ń lo propranolol fún ẹ̀jẹ̀ ríru lè máa ṣẹ̀jẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ má sì yára? Oògùn náà ló dì í lọ́wọ́. Béèrè oògùn tí bàbá ń lò kó o tó gba ìlù ọkàn rẹ̀ gbọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ìtọ̀ ló ń sòótọ́ jù lọ ní wọ́ọ̀dù? Àgbàlagbà yẹ kó máa tọ̀ tó ìdajì mílílítà fún kílò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan, ọmọdé yẹ kó tó mílílítà kan. Ẹni kílò 60, mílílítà 30 ní wákàtí kan. Bí sístà bá sọ pé àpò ìtọ̀ ṣófo láti ọwọ́ alẹ́, kọ́kọ́ wò ó bóyá kátẹ́tà dí tàbí ó ká. Bí kò bá dí, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń wọ́n nínú ara.

Ṣé o mọ̀ pé normal saline kò bá ẹ̀jẹ̀ dọ́gba rárá? Sódíọ̀mù inú rẹ̀ jẹ́ 154, klóráìdì rẹ̀ náà 154, bẹ́ẹ̀ klóráìdì inú ẹ̀jẹ̀ kò ju nǹkan bí 100 lọ. Bí a bá ń dà á sí aláìsàn lára láìdúró, klóráìdì á pọ̀ jù, àsíìdì á sì gorí ẹ̀jẹ̀. A ó wá máa wá ibi tí àsíìdì ti wá kiri, nígbà tó jẹ́ pé àwa la fi dírípù gbé e wọlé.

Ringer's lactate ní ìtàn tó dùn. Láàárín 1882 sí 1883, dókítà Sydney Ringer ń dán ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ wò nínú omi oníyọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkàn náà ń lù dáadáa, àfi ìgbà tí Ringer rí i pé omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n fi po omi oníyọ̀ náà. Ó fi omi tí wọ́n ti yọ gbogbo èròjà inú rẹ̀ kúrò dípò rẹ̀, ọkàn sì ṣíwọ́. Kálísíọ̀mù inú omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù ló ti ń mú un lù. Ní àwọn ọdún 1930, Alexis Hartmann, dókítà àwọn ọmọdé ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, fi lactate, èyí tí ẹ̀dọ̀ máa ń yí padà sí ohun tó ń pa oró àsíìdì, kún omi oníyọ̀ Ringer.

Ṣé o mọ̀ pé nǹkan bí ìdá 98 nínú 100 pọtásíọ̀mù ara ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì, tí ìwọ̀nba díẹ̀ péré wà nínú ẹ̀jẹ̀, láàárín 3.5 sí 5? Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ tẹ̀ rún fi lè pa èèyàn lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ kúrò lórí rẹ̀: sẹ́ẹ̀lì tó fọ́ ló tu pọtásíọ̀mù sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló sì ń dá ọkàn dúró. Ìdí kan náà ni a kì í fi gún pọtásíọ̀mù sínú iṣan ní kánmọ́kánmọ́. Láéláé.

Ṣé o mọ̀ pé aago ẹni tó jóná kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù? Ìṣirò tí Charles Baxter gbé kalẹ̀ ní Parkland Hospital ní Dallas ní àwọn ọdún 1960 ni ọ̀pọ̀ wa ṣì ń lò: omi dírípù mílílítà 4, lọ́nà kílò aláìsàn, lọ́nà ìdá ara tó jó nínú 100. Ìdajì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé láàárín wákàtí 8 àkọ́kọ́, ìdajì yòókù láàárín wákàtí 16. Ìyá kan tó wọn kílò 60, tí sítóòfù kẹrosíìnì bú mọ́, tó jó ní ìdá 20: lítà 4.8 ni, lítà 2.4 sì jẹ́ ti wákàtí 8 àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n wákàtí 8 láti ìgbà tí iná ti jó o ni. Bí wọ́n bá ti lo wákàtí 3 láti wá mọ́tò àti láti kọjá gosíló, tí kò sì tíì gba omi kankan, wákàtí 5 ló kù fún lítà 2.4 yẹn, mílílítà 480 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà yẹn lọ, ìtọ̀ rẹ̀ ni kó o fi máa ṣàtúnṣe rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìka, tó nǹkan bí ìdá 1. Fi wọn ojú iná tó fọ́n káàkiri ara.

Ṣé o mọ̀ ìdí tí ìrora àpẹ́ńdíìsì fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìdodo? Iṣan ìmọ̀lára àpẹ́ńdíìsì àti ti awọ ìdodo ń wọ ọ̀pá ẹ̀yìn lójú kan náà, ọpọlọ kò lè yà wọ́n. Ìgbà tí ara àpẹ́ńdíìsì tó wú bá kan awọ inú ògiri ikùn ni ìrora ń rọ̀ wá sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀.

Èjìká tó ń dun obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ pẹ́, tó sì dákú? Ẹ̀jẹ̀ inú ikùn ló ń ta awọ tó pààlà àyà àti ikùn. Ọrùn ni iṣan ìmọ̀lára awọ yẹn ti wá, níbi tí ti èjìká náà ti wá. Ronú kan oyún tí kò sí nínú ilé ọmọ.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta ni táífọ́ọ̀dù sábà máa ń lu ìfun, tó sì jẹ́ apá ìparí ìfun kékeré ló máa ń lù? Ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti kòkòrò pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni ogun ti ń le jù.

Ṣé o mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tó jẹ́ AA ń gbé tó 120 ọjọ́, ti ẹni tó jẹ́ SS kì í ju 10 sí 20 lọ? Ìdí tí òkúta inú àpò òróǹro fi ń wọ́pọ̀ lára wọn nìyẹn. Òtútù, àìtó omi àti àìtó atẹ́gùn ló ń ká sẹ́ẹ̀lì wọn kò. Ní Nàìjíríà, tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin jẹ́ AS, àyẹ̀wò genotype kì í ṣe ohun tí a ń fò.

Ṣé o mọ̀ pé ojú abẹ kì í lágbára tó awọ tí a kò là mọ́ láé? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kò tó ìdá 10 nínú 100. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nǹkan bí ìdá 80, ó parí síbẹ̀. Má jẹ́ kí ẹni tí o ṣiṣẹ́ abẹ ikùn fún lọ gbé garawa omi lọ́sẹ̀ kejì nítorí pé ojú rẹ̀ ti jiná lókè.

Ṣé o mọ̀ pé lidocaine lásán kò gbọ́dọ̀ ju mílígírámù 3 lọ fún kílò kan? Ẹni kílò 60, mílígírámù 180: mílílítà 18 nínú ti ìdá 1, ṣùgbọ́n 9 péré nínú ti ìdá 2. Ka ara ìgò náà kó o tó fà á. Bí aláìsàn bá sọ pé ètè òun ń kú tàbí etí òun ń dún, yọ abẹ́rẹ́ náà kúrò lójú ẹsẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tí a gé gẹ̀gẹ̀ rẹ̀ lè kú ní wọ́ọ̀dù láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà? Ibi tó há ni ọrùn. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó dì síbẹ̀ á tẹ àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà, ọ̀nà ọ̀fun á wú láti inú, èémí á sì há. Bí ọrùn rẹ̀ bá ń wú tí kò sì lè mí mọ́, má dúró de tíátà. Pe oníṣègùn apanilóorun, kí o sì tú gbogbo ìránṣọ ojú abẹ náà níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ti awọ àti ti abẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tó dì náà lè jáde. Ohun tí o fi máa tú u ti yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti ìgbà tó ti ti tíátà bọ̀.