Bí Díráìfù Kò Bá Ṣiṣẹ́ Lára Kọ̀ǹpútà Tuntun

Ìlàlóye fún ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì ní Abẹ́òkúta àti ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ẹ ra kọ̀ǹpútà tuntun tàbí tòkunbọ̀, ẹ so díráìfù àtijọ́ mọ́ ọn, ẹ ò sì rí fáìlì kankan. Ẹ má tíì sọ pé díráìfù ti kú. Lọ́pọ̀ ìgbà, fáìlì ṣì wà níbẹ̀. Ìwàǹwára ẹni tó fẹ́ tún un ṣe ló máa ń pa á rẹ́.

Òfin àkọ́kọ́: Bí kọ̀ǹpútà bá ní kí ẹ ṣe “Format”, tí fáìlì tí ẹ nílò sì wà nínú díráìfù náà, ẹ tẹ “Cancel”.

1. Ẹ yẹ iná àti wáyà wò
Díráìfù kékeré tó jẹ́ íǹṣì 2.5 máa ń gba iná lójú USB. Èyí tó tóbi, íǹṣì 3.5, nílò iná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ojú USB 2.0 kì í fúnni ju 500 mA lọ, USB 3.0 máa ń fúnni ní 900 mA. Bí iná díráìfù bá ń tàn tó ń kú, ẹ pààrọ̀ wáyà tàbí kí ẹ so ó mọ́ ojú mìíràn. Ẹ lo UPS tàbí láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kún, kí iná má baà lọ mọ́ yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń kó fáìlì.

2. Ẹ wo ojú tí wọ́n fi ń so ó
Díráìfù IDE ayé àtijọ́ ní irin tín-ín-rín 40, wáyà rẹ̀ sì fẹ̀ pẹlẹbẹ. SATA, tó dé ní 2003, ló gba ipò rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò bára mu. Ẹ ra adápútọ̀ USB. Díráìfù M.2 náà pín sí SATA àti NVMe: wọ́n lè jọra lójú, kí kọ̀ǹpútà yín má gba ju ọ̀kan lọ.

3. Ẹ ṣí Disk Management nínú Windows
- Bí díráìfù bá wà níbẹ̀ láìní lẹ́tà, ẹ fún un ní lẹ́tà.
- Bí ó bá jẹ́ tuntun, tí ò ní nǹkan kan nínú, tó kọ “Not Initialized”, ẹ ṣe “Initialize”. Ẹ yan GPT bó bá ju 2 TB lọ, torí MBR kò lè kọjá ibẹ̀.
- Bó bá jẹ́ àtijọ́ tó ní fáìlì, tó sì kọ “Not Initialized” tàbí “RAW”, ẹ dúró. Ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́.
- Bó bá béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ẹ wá nọ́ńbà oní-díjíìtì 48 náà jáde. Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú.

4. Bó bá ń dún “kẹ́-kẹ́-kẹ́”
Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tú u, ẹ má sì gbé e sínú fíríìsà. Bí ẹ bá máa gbé e láti Ọdẹ́dà tàbí Ifọ̀ wá sí ìlú, ẹ fi aṣọ tó nípọn wé e. Gbígbọ̀n ọ̀kadà lè ba ohun tó kù jẹ́.

5. Kí ẹ tó fà á lé atúnnǹkanṣe lọ́wọ́
Ì báà jẹ́ Pánṣẹ́kẹ́ ni, ì báà jẹ́ Òtìgbà n’Íkẹjà, ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ara díráìfù wà lórí rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera aláìsàn sí ohun tó gbẹgẹ́. Ọ́fíìsì yín ni yóò dáhùn bó bá tú síta.

Tí fáìlì bá ti padà wá, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọ̀kan má sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà yín.